Ewé tàbí ọ̀rá, èédú tàbí gáàsì: èwo ni kí n mú?

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ kan ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Ó ṣí aṣọ tó fi bo igbá rẹ̀, mo rí i pé oríṣi ẹ̀kọ méjì ló wà níbẹ̀: onéwé lápá kan, ọlọ́ràá lápá kejì, iye kan náà ni. "Àǹtí, èwo nínú méjèèjì?" Kí n tó dáhùn, ìyàwó kékeré kan tó pọnmọ sẹ́yìn ti na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mi: "Ẹ bá mi di ọlọ́ràá márùn-ún, Mà. Ewé máa ń kún ilé." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ewé tó ní ó ń kún ilé, ewúrẹ́ á ti jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rá márùn-ún yẹn, bí kò bá sí ẹni tó sun wọ́n, á ṣì wà nínú gọ́tà lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń ṣègbéyàwó.

Irú yíyàn báyìí là ń ṣe lójoojúmọ́ láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ gbé díẹ̀ nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n sì sọ èyí tí èmi ń mú. Nǹkan mẹ́ta ni mo fi ń wọ̀n wọ́n: ara, àpò, àti ilẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń tẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé torí mo fi ewé bẹ̀rẹ̀, ti àtijọ́ ni mo máa gbè lẹ́yìn títí dópin. Ìyá tó bí màámi mọ ewé lò dáadáa, àmọ́ èéfín igi ló sọ ojú wọn di pupa, òun náà ló fún wọn níkọ́ tí wọn kì í fi í sùn bó bá di ìgbà ọyẹ́.

Ewé àti ọ̀rá

Ewé eéran la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, òun náà lọ̀pọ̀ fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ bí wọn ò bá rí ewé gbódógì. Inú igbó tútù lábẹ́ igi ńlá ló ti ń hù fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi ajílẹ̀ sí i. Èso rẹ̀ pupa, ó sì dùn kọjá sísọ: wọ́n ń yọ adùn inú rẹ̀ tà lókè òkun fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ, thaumatin ni wọ́n ń pè é, ó sì fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Àwa tí a ni ewé, ewé la mọ̀. Ìyá eléwé tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé ibi táwọn ń rìn dé kí àwọn tó rí ewé já báyìí ti jìn ju ti tẹ́lẹ̀, torí igbó tí wọ́n bá ti gé igi inú rẹ̀ tán, òòrùn á pa ewé ibẹ̀.

Ọ̀rá ní àǹfààní tirẹ̀, kí n má parọ́. Kì í ya, kì í jò. Ẹni tó ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún igba èèyàn níbi ìnáwó kò lè jókòó máa nu ewé láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń rà lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n ṣe é fún. Bí ooru àti epo bá pàdé lára rẹ̀, èròjà inú ọ̀rá á máa wọnú oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ ọlọ́ràá sẹ́nu, kí ẹ wá tọ́ onéwé wò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ alápatà pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá wo nǹkan. Ó ti la inú màlúù kan, ó kó ọwọ́ bọ ṣàkì rẹ̀. Ohun tó fà jáde dà bí àkísà tí wọ́n ká mọ́ra: ọ̀rá dúdú, ọ̀rá omi, fọ́nrán àpò sìmẹ́ńtì, gbogbo rẹ̀ ti dì gbagidi, omi ewéko ń kán lára rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ró gbì. "Ẹ wo oúnjẹ tó jẹ o," ó ní. Ẹran tó ń jẹ̀ kiri ìgboro máa ń gbọ́ òórùn iyọ̀ àti ọbẹ̀ lára ọ̀rá, á gbé e mì, kò ní dà, kò sì ní jáde. Mi ò ra ṣàkì lọ́jọ́ náà.

Èyí tí mo ń mú: ewé fún ohunkóhun tó bá gbóná. Bí mo bá ń lọ ra ẹ̀wà tàbí ọbẹ̀ níta, mo máa ń gbé abọ́ onídérí dání. Àwọn olóúnjẹ kì í kọ̀, òmíì tiẹ̀ máa ń bu ẹ̀kún sí i. Báàgì aláṣọ kan wà nínú àpamọ́wọ́ mi fún ata àti tòmátò. Ẹni tí ewé bá ṣòro fún, kó fi ife onírin tí kì í dípẹtà se ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ̀, ó máa lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Igi, èédú àti gáàsì

Ibí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, torí nǹkan ti ṣe mí rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Oṣù Keje ni, òjò ń rọ̀ láti ọ̀sán, gáàsì tán. Mo gbé àdògán èédú wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn nítorí òjò, mo gbé ẹ̀wà kaná. Èédú náà ti pọ́n yòò, kò rú èéfín rárá, ọkàn mi sì balẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ọmọ mi obìnrin ní òòyì ń kọ́ òun, èébì ń gbé òun. Ibà la pè é. Ìyá Ìbejì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ló wá yá iyọ̀, tó ṣí ilẹ̀kùn, tó figbe ta: "Ẹ jáde o! Ẹ jáde kíá! Ẹ̀ẹ́ ti ṣe gbé iná èédú sílé tí ẹ tún ti ilẹ̀kùn?" A dúró sínú òjò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, orí wa bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Èédú tó bá ń jó níbi tí atẹ́gùn kò tó, carbon monoxide ló ń tú jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Bí a bá fà á símú, á gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ara á wá máa mí láì rí ohun tó ń mí sí. Èéfín igi burú, àmọ́ ó kéré tán, ó ń lé èèyàn jáde. Èédú pupa kì í kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé lọ́wọ́ nínú ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé ní ọdún 2020, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn lé ní 237,000.

Ó wá ku ti ilẹ̀. Bí wọ́n bá to igi jọ, tí wọ́n bo erùpẹ̀ lé e, tí wọ́n sun ún, igi tó tó kìlò 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sí kìlò èédú kan. Igi líle ni wọ́n ń fẹ́: àyín àti igi ẹ̀mí. Igi ẹ̀mí yìí kan náà ló ń fún wa ní òrí tí a ń fi pa ọmọ lára, ó sì máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Àwa ará Òṣogbo kì í rí ibi tí wọ́n ti ń gé e. Ohun tó wà níwájú tiwa ni Igbó Ọ̀ṣun, nǹkan bíi hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ ni láti gégi níbẹ̀, èèwọ̀ ni láti pẹja tàbí dọdẹ, àwọn ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. A ń wo igbó yẹn, a ń rò pé igi ṣì pọ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Òkè-Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń gé e.

Gáàsì náà, inú ilẹ̀ níbi tí epo rọ̀bì wà ló ti wá. Kò mọ́ bí omi òjò. Síbẹ̀ kò fi èérú sílẹ̀, kò dú ìkòkò, kò gé igi, oúnjẹ sì máa ń tètè jiná lórí rẹ̀. Ti àpò ló máa ń dá àwọn èèyàn dúró. Ìyá Ìbejì ń ra èédú ní ọ̀rá kékeré lójoojúmọ́, ó sì gbà pé ó pọ́ọ́kú. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan, lẹ́yìn ìwé ìṣirò àwọn ọmọ. Nígbà tí a ro ó pọ̀, owó èédú tirẹ̀ àti owó gáàsì tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Owó sílíńdà àti sítóòfù tó gbọ́dọ̀ san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lòkúta tó dí ojú ọ̀nà. Àjọ la fi yọ ọ́: àwa márùn-ún dá a, oṣù kẹta ló kàn án.

Ẹni tí kò bá tíì lágbára gáàsì, kó gbé èédú rẹ̀ síta, lábẹ́ ibòji, kó má gbé e wọ ibi tí èèyàn ń sùn láéláé, bó ti wù kí òjò máa rọ̀ tó. Kó rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kó dé ìkòkò. Ẹ̀wà tí a rẹ kì í pẹ́ lórí iná bí èyí tí a kò rẹ, ẹ ó rí i lára iye èédú tó kù.

Omi odò, omi kànga, omi inú ọ̀rá

Ẹni tó dàgbà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun mọ̀ pé àwọn àgbà ń bu omi Ọ̀ṣun mu láì ro ohunkóhun. Lónìí odò náà pọ́n bí omi tí wọ́n fi po amọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò ló ń da ẹrẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fọ góòlù a máa lo mẹ́kúrì, májèlé sì ni. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀ lóṣù Kẹjọ tí a bá ń ṣọdún. Ẹnu àti ikùn nìkan ni mò ń sọ. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí èèyàn se omi náà títí ilẹ̀ fi ṣú, mẹ́kúrì kì í bá ooru lọ.

Omi kànga sàn, bí kànga náà bá jìnnà sí ṣalángá tó mítà 30, tó sì ní ìdérí. Álọ́ọ̀mù tí a ń dà sí i máa ń mú kó tòrò, àmọ́ kì í pa kòkòrò inú rẹ̀. Kí omi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, ó tó. Kò sí ìdí láti fi gáàsì ṣòfò fún ìdajì wákàtí. Bí kò bá sí gáàsì rárá, omi tó mọ́ gaara nínú ìgò ike tí a lè rí inú rẹ̀, tí a gbé sórí páànù nínú òòrùn gangan fún wákàtí 6, òòrùn á pa ọ̀pọ̀ kòkòrò inú rẹ̀. Bójú ọ̀run bá ṣú, kó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀.

Píọ̀ wọ́tà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹyọ kan jẹ́ ìdajì lítà, ogún ló wà nínú àpò kan. Ilé èèyàn márùn-ún, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu lítà méjì lójúmọ́, àpò kan ló ń lọ lójúmọ́. Ní oṣù kan, ọ̀rá 600 nìyẹn láti ilé kan ṣoṣo, láì ka ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi dì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ a ó tún máa bínú sí gọ́tà pé ó dí.

Nínú ilé, omi sísè nínú ìkòkò amọ̀ ni mo ń mu. Ìkòkò amọ̀ máa ń la òógùn síta, ìyẹn ló ń mú omi inú rẹ̀ tutù láìsí fíríìjì. Lójú ọ̀nà mo ń gbé ìgò onírin. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ sílé, mo ra píọ̀ wọ́tà, mi ò ní fi òùngbẹ para mi. Àmọ́ èyí tó ti wà nínú òòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, mi ò rà á.

Iná

Òṣogbo yìí kan náà ni wọ́n ti ń darí iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo Nàìjíríà, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní National Control Centre wà. Ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń jókòó sókùnkùn bíi tiwa. Ó yẹ ká gbẹ́bùn fún Ọlọ́run tó dá àwàdà.

Gílóòbù onípupa 60 watt àti LED 9 watt, ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ tan ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 5 lálẹ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́: ti àkọ́kọ́ jẹ yúníìtì 9, èkejì kò jẹ yúníìtì kan àbọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúníìtì àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣètò iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún) láti 68 lọ sí 225 náírà. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, 2,025 náírà ni gílóòbù kan, LED ò ju nǹkan bí 304 lọ. Kò sí àríyànjiyàn níbí.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré àti sólà ló ní àríyànjiyàn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ ti di ẹnu tí kì í yó. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn, carbon monoxide tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló sì ń tú jáde, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé e sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé nítorí olè. Sólà wọ́n lọ́jọ́ tí a bá ń rà á, bátìrì rẹ̀ á sì kú lọ́jọ́ kan. Bátìrì tó ti kú kì í ṣe ohun tí a ń jù sẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ń fẹ́ iná díẹ̀, fáànù kan àti fóònù, sólà kékeré á tó o. Ẹni tó ní fíríìjì ẹja lọ́jà, mi ò ní tan án jẹ, sólà kékeré kò lè gbé e.

Àwọn kéékèèké, ní kíákíá

*Ẹsẹ̀ tàbí ọ̀kadà.* Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni WHO ní kí àgbàlagbà fi máa ṣe eré ìdárayá, ó kéré tán. Ibi iṣẹ́ mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 lọ. Àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ó pé géérégé. Bí òòrùn bá mú jù tàbí ẹrù bá wà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láì tijú ẹnikẹ́ni.

*Irú tàbí máàgì.* Iyọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù: kò yẹ kó tó gíráàmù 5 lóòjọ́ fún àgbàlagbà, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ. Máàgì mẹ́ta nínú ìkòkò kan, pẹ̀lú iyọ̀ tí a tún fọwọ́ bù sí i, á tètè gbé wa sún mọ́ ọn. Ẹ fi irú kún un, ẹ dín máàgì kù, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó na ọwọ́ sí iyọ̀.

*Pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì.* Méjèèjì. Pákò láàárọ̀, kì í fi ike sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride lálẹ́, torí fluoride ló ń dáàbò bo eyín lọ́wọ́ kòkòrò. Ẹ má fi pákò ha èrìgì bí ẹni ń ha ìkòkò jíjóná.

*Aṣọ tuntun tàbí aró.* Ìlú aró ni Òṣogbo, aṣọ tó ti ṣá kì í ṣe òkú aṣọ. Gbé e lọ fún aláró. Èmi ti fi àǹkárá kan rẹ aró lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣì ń bi mí níbi tí mo ti rà á. Kìkì ohun tí mo máa ń bá wọn jà lé lórí ni omi aró onísódà tí wọ́n bá fẹ́ dà sí gọ́tà. Sódà náà ń jẹ ọwọ́ àwọn tó ń rẹ ẹ́ bí wọn ò bá wọ ìbọ̀wọ́.

*Pàǹtí: ká sun ún tàbí ká bò ó mọ́lẹ̀.* Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò ló ni ín. Èyí tó kù, èèpo ẹyin, ewé jíjẹrà, eérú, inú ihò kan lẹ́yìn ilé, lórí ibi tí mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Ọ̀rá kì í wọ ibẹ̀, mi ò sì ń sun ún. Èéfín rẹ̀ burú ju ti igi lọ. Àwọn tó ń ra ike àti agolo máa ń kọjá, mo ń kó tiwọn pa mọ́ fún wọn.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni owó ká

Ìdáná ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà, kí ẹ tó ronú sólà tàbí ìgò onírin. Ewé àti ẹsẹ̀ kò béèrè owó, wọ́n lè bá a rìn láti ọ̀la.

Màámi kò fẹ́ gáàsì. "Bọ́ǹbù lẹ gbé wọlé yẹn," wọ́n ní, wọ́n sì jókòó sí ìta fún ọjọ́ méjì gbáko. Èmi àti àbúrò mi gbé sílíńdà sí ẹ̀yìn ògiri, a la rọ́bà kọjá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń rìn. Bí wọ́n bá gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n ti ẹnu sílíńdà, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú iná mọ̀nàmọ́ná kankan. Mo po ọṣẹ nínú ife, mo fi kànìnkànìn pa á mọ́ ẹnu rẹ́gúlétọ̀ àti gbogbo rọ́bà. Ibi tí gáàsì bá ti ń jò, ìfófòó á máa wú níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí. Kò wú.

Báyìí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń po ọṣẹ yẹn fúnra wọn. Bí mo bá lọ kí wọn, kí n tó kúnlẹ̀ tán, wọ́n á ní kí n wá wo ẹnu rẹ́gúlétọ̀ pé ṣé ojú àwọn ló ń ṣe àwọn ni, àbí ìfófòó kékeré kan ń wú lápá ibẹ̀ yẹn.